Ìrìn Písítọ̀n: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ́ńjìnnì Stroker

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ètò wa tó kọjá á rántí pé mo mẹ́nu ba Mustang mi, ọdún 1993, tí mo ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe nínú gáréèjì wa ní Bowie, ní Prince George's County níbí. Mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ di stroker. Kí n tó ṣíwọ́ ọ̀rọ̀, ìbéèrè ti dé: "Kí ló ń jẹ́ stroker?" Àwọn tó mọ̀ nípa mọ́tò sì ń bi mí pé, "331 ni àbí 347?"

Ẹ̀kọ́ òní ni ìdáhùn fún ìhà méjèèjì. A máa ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí náà ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò yín dání. Ẹ má bẹ̀rù, kò ju ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Mo ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun àti ìbéèrè sí ìparí, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ìrìn písítọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ yàn tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ stroker, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Èmi náà ṣe àṣìṣe yẹn. Díẹ̀ ló kù kí owó tí mo fi ọdún méjì kó jọ wọ inú òfò.

Kí ni stroker?

Ẹ jẹ́ ká gun básíkù. Tí ẹ bá ń wa básíkù, orúnkún yín á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ yín á máa yí po. Irin tó so pẹ́dàlì mọ́ àárín básíkù ló ń sọ lílọ-bíbọ̀ yẹn di yíyí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Písítọ̀n ni orúnkún, ó ń lọ sókè sódò nínú ihò tí à ń pè ní sìlíńdà. Kọ́nrọ́ọ̀dù ni ojúgun. Kíránkì ni irin pẹ́dàlì.

Ká ní a fi ínṣì kan kún gígùn irin pẹ́dàlì yẹn. Ẹsẹ̀ yín á fi ínṣì kan ga sí i lókè, á sì fi ínṣì kan lọlẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Ínṣì méjì ló kún ìrìn rẹ̀. Ìrìn tí písítọ̀n ń rìn láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá ni à ń sọ. Stroker ni ẹ́ńjìnnì tí a yọ kíránkì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kúrò, tí a fi èyí tí ìrìn rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò, tí bulọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sì yí padà. Ara kan náà ni, àmọ́ ikùn rẹ̀ ti tóbi sí i.

Báwo la ṣe ń mọ bí ikùn náà ṣe tóbi tó? Ẹ mú fífẹ̀ ihò sìlíńdà, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 0.7854 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ìrìn písítọ̀n, lẹ́yìn náà iye sìlíńdà. Mustang mi ní sìlíńdà 8:

Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá: 4.00 × 4.00 × 0.7854 × 3.00 × 8 = 302
Tí a bá gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tí ìrìn sì di 3.25: 4.03 × 4.03 × 0.7854 × 3.25 × 8 = 331
Tí ìrìn bá di 3.40: 4.03 × 4.03 × 0.7854 × 3.40 × 8 = 347

Kúbíìkì ínṣì ni gbogbo rẹ̀. Ní lítà, a kúrò ní bíi 4.9, a bọ́ sí 5.4 tàbí 5.7. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ "383" lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn Chevrolet, irú iṣẹ́ yìí náà ni: bulọ́ọ̀kù 350, pẹ̀lú kíránkì tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 3.75 bíi ti ẹ́ńjìnnì 400.

Ẹ jẹ́ ká tún nǹkan kan ṣe kí a tó kúrò níbí. Wọ́n máa ń sọ pé stroker lágbára nítorí pé apá kíránkì gùn, bí ìgbà tí èèyàn fi irin gígùn tú nọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà kò pé. Tí ẹ bá fa ìrìn gùn, àmọ́ tí ẹ dín fífẹ̀ ihò kù títí ẹ́ńjìnnì fi tóbi bákan náà, orí písítọ̀n tí iná ń tì á ti kéré, èrè apá gígùn yẹn á sì bá a lọ. Ohun tó ń mú kí stroker lágbára ni pé ó ń mu afẹ́fẹ́ àti epo púpọ̀ sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Upper Marlboro

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní county wa yìí mọ Upper Marlboro. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀tù wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé pápá ìdíje mọ́tò wà níbẹ̀ nígbà kan, Marlboro Motor Raceway. Wọ́n ṣí i ní 1952, ó sì kógbá sílé ní 1969.

Ní 1966, ẹgbẹ́ SCCA dá ìdíje Trans-Am sílẹ̀, Marlboro sì wà lára àwọn pápá tí ìdíje náà dé. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò gba àlàyé: ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọdọ̀ ju lítà 5 lọ, ìyẹn 305 kúbíìkì ínṣì. Chevrolet fẹ́ gbé Camaro wá. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì 327, ó tóbi jù. Wọ́n ní 283, ó kéré jù. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú fífẹ̀ ihò 327, tó jẹ́ 4.00, wọ́n fi ìrìn 283 sí i, tó jẹ́ 3.00. Ẹ ṣírò ó: 302. Camaro Z/28 nìyẹn. 602 péré ni wọ́n ṣe fún ọdún 1967. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ní Upper Marlboro wa níbí, Mark Donohue àti Craig Fisher fi Camaro gba ipò kìíní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Camaro máa borí nínú Trans-Am.

Ṣé ẹ rí i? Ilé iṣẹ́ tó lówó, tó ní onímọ̀ ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, gé ìrìn písítọ̀n kúrú ni. Òdìkejì stroker ni wọ́n kọ́, wọ́n sì fi borí. Òfin ti fi ààlà sí ìtóbi, nítorí náà ọ̀nà tó kù fún wọn ni kí ẹ́ńjìnnì máa yí kíákíá. Ìrìn kúkúrú sì ni ọ̀rẹ́ yíyí kíákíá.

Ẹ wò ó pẹ̀lú ìṣirò. Nínú ìyípo kan, písítọ̀n ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ẹ sọ ìrìn di ìlọ́po méjì, ẹ fi iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 12 pín in kó lè di ẹsẹ̀ bàtà:

Ìrìn 3.00, ìyípo 7,000: ẹsẹ̀ bàtà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan
Ìrìn 3.40, ìyípo 7,000: ẹsẹ̀ bàtà 3,967 ní ìṣẹ́jú kan
Ìrìn 3.40, ìyípo 6,000: ẹsẹ̀ bàtà 3,400 ní ìṣẹ́jú kan

Písítọ̀n 347 tó ń yí ní 6,000 ń sáré tó ti 302 tó ń yí ní bíi 6,800. Irin ń fa irin, ọ́ìlì ń gbóná, kọ́nrọ́ọ̀dù ń jìyà. Ẹ́ńjìnnì ìrìn gígùn kì í ṣe èyí tí à ń yí títí tí yóò fi máa sunkún. Ìsàlẹ̀ àti àárín ni agbára rẹ̀ wà.

Bulọ́ọ̀kù Ford tó wà nínú gáréèjì mi, 4.00 ni ihò rẹ̀, 3.00 ni ìrìn rẹ̀. Fífẹ̀ àti ìrìn Camaro tó borí ní Upper Marlboro gan-an nìyẹn. Ohun tí àwọn yẹn fi ọgbọ́n gé kúrú lèmi fẹ́ fà gùn. Ta ló wá tọ̀nà? Iṣẹ́ tí mọ́tò fẹ́ ṣe ló máa dáhùn.

Ìbéèrè tí mi ò rí fèsì

Mo ti san owó kit 347 kí n tó gbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Kíránkì wà nínú páálí, kọ́nrọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, písítọ̀n mẹ́jọ ń dán bíi fàdákà. Ètò mi ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó, màá tún gbé supercharger lé e lórí. Mo ti rí fídíò tó pọ̀. Mo ti ka ìwé. Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun, mo rò pé kò sí ohun tí mi ò lè kà yé ara mi.

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó wo àwọn páálí mi, ó wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, kí ni mọ́tò yìí fẹ́ ṣe?"

Mo ní: "Ẹ̀ẹ́, mo fẹ́ kó yára ni."

Ó ní: "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Níbo lo ti fẹ́ kó yára? Ìgbà mélòó lóṣù? Ta ló máa jókòó sínú ẹ̀?"

Mi ò rí fèsì. Ó ní kí n lọ ronú sí i, kí n padà wá.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mò ń wà á lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, lórí Route 50 àti Beltway, nínú góósúlóò. Ìyàwó mi máa ń bá mi jókòó sínú ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, màá gbé e lọ sí Maryland International Raceway ní Mechanicsville, ní St. Mary's County, níbi tí wọ́n ti ń sá eré ìdá mẹ́rin máìlì lábẹ́ òfin. Títì kò sí nínú ètò mi rárá. Ẹni tó bá ń gbé county yìí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé Accokeek. Ní February 16, 2008, lórí Route 210, èèyàn 8 ló kú nígbà tí mọ́tò já wọ àárín àwọn tó dúró wo eré òru. A kì í kọ́ ẹ́ńjìnnì fún irú ìyẹn.

Nígbà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó hàn pé àárín 2,000 sí 5,500 ni ẹ́ńjìnnì mi máa gbé fún ìdá tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Agbára ìsàlẹ̀ ni mo nílò. Ìrìn gígùn yẹ mí. Àmọ́ kì í ṣe nítorí pé ó pọ̀ lórí fídíò, nítorí iṣẹ́ ni.

Ibi tí ó fẹ́lẹ́ jù

Mo padà lọ. Bàbá náà gbọ́ ètò mi. Nígbà tí mo dé orí supercharger, ó na ọwọ́ sí àárín bulọ́ọ̀kù mi, ó ní, "Ibí yìí ló ti máa là."

Bulọ́ọ̀kù 302 ti ìgbà náà kò nípọn. Àwọn tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé tó bá ti ń sún mọ́ 500 agbára ẹṣin, ó lè là sí méjì láti ibi tí kíránkì jókòó sí títí dé òkè. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń là, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n tó bá là, kì í ṣe bulọ́ọ̀kù nìkan ló lọ. Kíránkì lọ, písítọ̀n lọ, gbogbo owó lọ. Kit olówó iyebíye kò lè sọ bulọ́ọ̀kù fífẹ́lẹ́ di onípọn. Àwọn bulọ́ọ̀kù tuntun tó nípọn wà, irú èyí tí Dart ń ṣe, ṣùgbọ́n iye wọn á gbé owó tó kù lọ́wọ́ mi mì.

Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́ kí supercharger máa lọ.

Kò tíì tán o. Ó wọn ihò sìlíńdà. Ẹni tó ni mọ́tò náà ṣáájú mi ti gbẹ́ ẹ dé 4.03 rí, ihò náà sì ti jẹ kọjá bẹ́ẹ̀. Ó tún fi ẹ̀rọ tó ń lo ìró wọn bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó, ó sì rí ibì kan tó ti tín-ín-rín. Bulọ́ọ̀kù náà kò ṣe é gbẹ́ mọ́. Àwọn písítọ̀n tí mo ti rà, 4.03 ni wọ́n wà fún. Èmi tí kì í kọ ìlà kóòdù kan láìjẹ́ pé mo yẹ ohun tó wọlé wò, mo ra písítọ̀n láìwọn ihò!

Ohun tó gbà mí ni ibi àkúfọ́ mọ́tò. Ford Explorer láti 1996 dé 2001 wà tó lo ẹ́ńjìnnì lítà 5.0 yìí kan náà. Mo rí bulọ́ọ̀kù kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ rí, 4.00 géérégé. A gbẹ́ ẹ dé 4.03, písítọ̀n sì wọ ibẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́.

331 ni àbí 347?

Ìjà ńlá lèyí láàárín àwọn olùfẹ́ Ford. Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn 331 máa ń sọ pé 347 ń jẹ ọ́ìlì. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti wá.

Láti àárín kíránkì dé orí bulọ́ọ̀kù, 8.206 ínṣì ni. Kò sí ohun tí a lè fi kún un. Inú àyè yẹn ni ìdajì ìrìn, gígùn kọ́nrọ́ọ̀dù, àti àyè láti pìnnì písítọ̀n dé orí rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ gba ara wọn. Tí ìrìn bá gùn, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹ yọ ìdajì ìrìn àti gígùn kọ́nrọ́ọ̀dù kúrò nínú 8.206:

302 ti ilé iṣẹ́: 8.206 − 1.500 − 5.090 = 1.616
331, kọ́nrọ́ọ̀dù 5.400: 8.206 − 1.625 − 5.400 = 1.181
347, kọ́nrọ́ọ̀dù 5.400: 8.206 − 1.700 − 5.400 = 1.106
347, kọ́nrọ́ọ̀dù 5.315: 8.206 − 1.700 − 5.315 = 1.191

Ẹ wo ìlà kẹta. Àyè náà kéré débi pé ihò pìnnì máa ń wọ inú ojú ọ̀nà ríìngì ọ́ìlì, wọ́n á wá fi irin tín-ín-rín kan gbé ríìngì náà ró. Àwọn kit bẹ́ẹ̀ ló fún 347 ní orúkọ burúkú. Ẹ wá wo ìlà kẹrin. Pẹ̀lú kọ́nrọ́ọ̀dù tó kúrú díẹ̀, àyè 347 tún fi díẹ̀ ju ti 331 lọ! Nítorí náà, "331 ni àbí 347" kì í ṣe ìbéèrè tó péye. Ẹ béèrè pé, "Kọ́nrọ́ọ̀dù wo ló wà nínú kit yìí, níbo sì ni pìnnì jókòó sí?"

Ẹlòmíràn á ní kọ́nrọ́ọ̀dù kúkúrú á máa ti písítọ̀n mọ́ ògiri. Lóòótọ́ ni. Ẹ fi ìrìn pín gígùn kọ́nrọ́ọ̀dù: 5.315 ÷ 3.40 jẹ́ 1.56. Ṣùgbọ́n Chevrolet 400, tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe fún mọ́tò ìdílé àti ọkọ̀ ẹrù, 5.565 ÷ 3.75 ni tirẹ̀, ìyẹn 1.48. Fún mọ́tò tó ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pàdánù oorun.

Ohun mẹ́ta ló tó bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni ìfúnpọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì 302 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 4.03 ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 9. Sìlíńdà kan gba 627 cc, àyè tó kù lókè tí písítọ̀n bá gòkè tán jẹ́ 78. Tí ẹ bá fa ìrìn dé 3.40, sìlíńdà gba 711, àyè òkè ṣì jẹ́ 78. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ fi 78 pín in: ó ti lé ní 10. Ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan míì, ìfúnpọ̀ ti gòkè fúnra rẹ̀. Tó bá ga jù fún epo tí ẹ ń rà, epo á máa gbiná fúnra rẹ̀ dípò kó jó létòlétò. Nọ́ọ̀kì lèyí náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tí mẹkáníìkì nílé ń sọ pé "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì", ìyẹn èyí tó ti kú. Èyí ló máa ń pa á. Ìdí nìyẹn tí orí písítọ̀n stroker fi máa ń ní kòtò: kòtò náà ló ń dá àyè padà.

Èkejì ni àyè ìsàlẹ̀. Kíránkì tó ń na ọwọ́ síta lè máa kan ògiri bulọ́ọ̀kù. A máa ń to gbogbo rẹ̀ láìtíì dì í pa, a fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, ibi tó bá kàn, a fi fáìlì gé e díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tèmi: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ́ńjìnnì 302 àtijọ́ lo balancer àti flywheel oní-28 ounce. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó di 50. Mọ́tò mi jẹ́ 50. Kíránkì tí mo rà, 28 ni wọ́n ṣe é fún. Ká ní mo dì í pa bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ì bá máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, títí tí bẹ́ríìnì á fi jẹ tán. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mi ò kà á.

Kí ẹ́ńjìnnì lè mí

Mo ní a máa padà sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ikùn tóbi, ó dáa, ṣùgbọ́n ihò imú ńkọ́? Tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó bá Mustang mi wá, ihò rẹ̀ há. Tí ẹ bá gbé e lé 347, agbára ìsàlẹ̀ á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí ìyípo bá ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ á tán nílẹ̀. Agbára ẹṣin tó ga jù kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 302, ó kàn máa yá tètè dé ni. Bí ẹni tó fi imú tó dí sáré ni.

Owó supercharger ni mo fi ra tọ́ọ̀pù sìlíńdà aluminiomu tó mí dáadáa. Mo tún ra camshaft tó bá àárín 2,000 sí 5,500 mu. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn.

Epo náà ńkọ́? Injector 8 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọn pọ́n-ùn 19 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì ń lo bíi ìdajì pọ́n-ùn fún agbára ẹṣin kan ní wákàtí, a kò sì fẹ́ kí injector ṣiṣẹ́ ju ìdá 80 nínú 100 lọ: 8 × 19 × 0.8 ÷ 0.5 = 243. Kò tó. Pẹ̀lú pọ́n-ùn 30, ó di 384. Ìyẹn tó mi, ó sì jìnnà sí 500 tí bulọ́ọ̀kù ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ́tò kò mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ injector. Ó rò pé 19 ni wọ́n ṣì jẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, kó sì ṣe é lórí ẹ̀rọ ìwọnpá, kì í ṣe lórí títì. Ẹ tún rántí pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba pé ká yọ ẹ̀rọ tó ń dín èéfín olóró kù kúrò lára mọ́tò tó ń rìn lójú pópó. Tèmi ṣì wà lára ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn pè mí lórí WhatsApp. Ó ní: "Àbúrò, gbogbo wàhálà yìí, kí ló dé tí o ò ra ẹ́ńjìnnì ńlá, kóo sọ ọ́ sínú ẹ̀? Tó bá jẹ́ Ládípọ̀ ni, ìdajì ọjọ́ ni."

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìbéèrè gidi ni. Ford ní ẹ́ńjìnnì 351 Windsor, bulọ́ọ̀kù rẹ̀ ga jù ti 302 lọ, ó sì nípọn jù. Tí a bá fi ìrìn 4.00 sí i, pẹ̀lú ihò 4.03, ó di 408. Ẹni tó bá mọ̀ pé 500 ni òun ń lọ, kó má fi ogún owó ra 347. Kó lọ síbẹ̀ tààrà. Èmi sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kò tó bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ sì máa jẹ́ kí n pààrọ̀ nǹkan púpọ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ó dáa. O ti mọ ohun tóo fẹ́ ṣe. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́."

Bàbá ṣọ́ọ̀bù ní Maryland, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí.

Ètò yíyàn, ní ṣókí

1. Ẹ kọ iṣẹ́ tí mọ́tò fẹ́ ṣe sílẹ̀: níbo, ìgbà mélòó, ìyípo mélòó.
2. Ẹ mọ ibi tó fẹ́lẹ́ jù nínú bulọ́ọ̀kù yín, ẹ sì fi ààlà síbẹ̀.
3. Ẹ wọn bulọ́ọ̀kù kí ẹ tó ra písítọ̀n.
4. Ẹ ya owó tọ́ọ̀pù sìlíńdà, injector àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀.
5. Ẹ wá yan ìrìn, ẹ wo kọ́nrọ́ọ̀dù, pìnnì, ìfúnpọ̀, àti 28 tàbí 50.

Àwọn ọ̀rọ̀ òní

Ìrìn: bí písítọ̀n ṣe ń lọ jìnnà tó láti ìsàlẹ̀ dé òkè.
Tọ́ọ̀pù sìlíńdà: irin tó bo orí bulọ́ọ̀kù, níbi tí fáàfù wà. Báyìí ni àwọn mẹkáníìkì nílé ṣe ń pè é.
Ìfúnpọ̀: bí a ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ àyè kékeré kí iná tó ràn.
Ìyípo: iye ìgbà tí kíránkì yí ní ìṣẹ́jú kan.
Agbára ẹṣin: ìwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe láàárín àkókò kan.

Ìbéèrè

Ọ̀kan: Ẹ́ńjìnnì Toyota 2JZ ní sìlíńdà 6, fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ 8.6 sẹ̀ǹtímítà, ìrìn rẹ̀ jẹ́ 8.6. Tí a bá fi kíránkì ìrìn 9.4 sí i, lítà mélòó ló máa dà?
Èjì: Ẹ́ńjìnnì yẹn nígbà tó bá ń yí ní 7,000, ṣé písítọ̀n rẹ̀ ń sáré ju ti 347 lọ ní ìyípo kan náà?
Ẹ̀ta: Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ní gbólóhùn mẹ́ta: kí ni mọ́tò yín fẹ́ ṣe?

Ẹ fi ohùn dáhùn ẹ̀kẹta, ẹ má kàn kọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ yín. Ẹ́ńjìnnì mi ti wọ inú mọ́tò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń dún jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n. Mo ti wà á dé Upper Marlboro, mo sì padà. Ìyàwó mi ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní ìyẹn nìkan ni mi ò ṣírò.

Ó di ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ire o.